Ìbẹ́pẹ Tí Ìyá Àgbà Lá Tán

Wọ́n ti lá abọ́ náà o! Wọ́n lá a tán, wọ́n tún fi ìka gbá ìdí ẹ̀, èmi sì ń fò sókè nínú yàrá bí ẹni tí wọ́n pè síṣẹ́ ìjọba. Màámi ní kí n rọra, pé ilé yìí kì í ṣe tuntun.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ìyá tó bí màámi ni mò ń sọ. Ibà ṣe wọ́n, ibà lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́. Eyín mẹ́ta ló kù sí wọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n nílé wá ní tó bá fi di Jímọ̀ tí wọn ò jẹun, ọsibítù la máa gbé wọn lọ, wọ́n á fa omi sí wọn lára. Ìyá àgbà ní àwọn ò lọ síbì kankan.

Mo bá ní kí n máa lọ oúnjẹ kúnná fún wọn. Mo kọ́kọ́ lọ kárọ́ọ̀tì tí mo sè. Wọ́n wò ó.

"Ṣé o ti rí aṣọ tí o máa fi pọ̀n mí báyìí?"

"Ìyá àgbà, ẹ tọ́ ọ wò ná."

"Ìwọ tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. Kò dùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa. Bílẹ́ńdà kan ṣoṣo la ní, òun náà la fi ń lọ ata ọbẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mo lérò pé ó ti mọ́. Ìyá àgbà fi ṣíbí kan sẹ́nu. Òógùn yọ níwájú orí wọn.

"Kí lo fi sí i?"

"Ìbẹ́pẹ ni, mà."

"Ìbẹ́pẹ wo ló ń ta báyìí?"

Màámi sáré wọlé. "Ọmọ yìí, o ti fi ata pa ìyá mi o!"

"Ta ló kú?" ni ìyá àgbà wí. "Láti ọjọ́ yìí lẹ ti ń fún mi ní oúnjẹ tí ò dùn lẹ́nu. Bù sí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bù sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe kírun àsùbáà tán, mo gun ọ̀kadà lọ ọjà Sekona. Mo ra ìbẹ́pẹ márùn-ún. Ìyá tó ń tà á ní ṣé aláìsàn ni mo fẹ́ lọ kí. Mo ní rárá mà, ara wọn ti yá. Mo wá yà lọ́dọ̀ aláta, mo ra rodo.