Àparò Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kán ní Mẹ́kà

Ní kékeré mi, kí wọ́n tó lé wa kúrò nílẹ̀ Lárúbáwá, ẹyẹ ló máa ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ìgbà òtútù ti dé. Jẹ́dà ni a kọ́kọ́ gbé, ní àdúgbò Rúwéèsì létí òkun. Ẹ̀yin ọmọ mi, òtútù ibẹ̀ kò tó ti ọyẹ́ wa, ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ ń sá fún òtútù ìlú tiwọn wá síbẹ̀: àwọn funfun tó ń ké lórí ọkọ̀ apẹja, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ìyẹ́ wọn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi pé wọ́n fi osùn pa á, àti àwọn àparò kéékèèké tí ìrìn ti rẹ̀, tí wọ́n ń já bọ́ sórí iyanrìn. Bàbá mi máa ń dẹ okùn fún àparò. Ọmọ oko ni, ó mọ̀ ọ́n dẹ. A ń fi wọ́n jẹ ìrẹsì, ẹnikẹ́ni kò sì bi wá.

Úmúrà ni àwọn òbí mi bá dé ibẹ̀ láti ilé, tí wọn kò padà. A kò ní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá ń wọ Rúwéèsì lemọ́lemọ́, a sá lọ sí Kakíyà ní Mẹ́kà. Ojú àwọn aládùúgbò le sí wa níbẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á fa ọmọ wọn sẹ́yìn.

Òtútù dé, àparò dé, bàbá mi dẹ okùn sẹ́yìn ilé, nísàlẹ̀ òkè. Ó mọ̀ pé a kì í pa ẹyẹlé mọ́sáláṣí ńlá. Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbogbo ilẹ̀ Mẹ́kà ni ilẹ̀ ọ̀wọ̀, pé kò sí ẹyẹ igbó kankan tí a gbọ́dọ̀ dẹ níbẹ̀.

Bàbá arúgbó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ló rí i. Ó gbá ilẹ̀kùn wa. Àparò kan tí okùn mú wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàyè, ẹsẹ̀ ẹyẹ náà kan ti kán, ó ń mì dirodiro. Èmi nìkan ni mo gbọ́ Lárúbáwá dáadáa nílé wa, nítorí náà èmi ni mo dúró láàárín wọn.

"Ọmọbìnrin, bi Háájì yìí bóyá ebi ló ń pa á tó fi ń dẹ ẹran nílẹ̀ Ọlọ́run."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ní, "Sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú, mi ò mọ̀ ni."

"Kò mọ̀. Ṣé ó mọ ibi tí ìkámà rẹ̀ wà?"

Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Màmá mi wo ojú mi, ó sì mọ̀.

Bàbá náà gbé ẹyẹ lé mi lọ́wọ́. "Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni màá máa wá wò ó. Ọjọ́ tó bá kú, màá pe ọlọ́pàá."

Màmá mi fi igi ìṣáná àti òwú di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sínú páálí, ó fọ́n ọkà bàbà síwájú rẹ̀. Bàbá mi kò lọ síbi tó ti ń fọ mọ́tò gbowó mọ́, inú páálí ló ń wò ṣáá.

"Àlàájì, ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀," màmá mi ní. "Bí ẹ ṣe ń wò ó yìí, ó lè rò pé ẹ ṣì fẹ́ jẹ ẹ́."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kó dé ìta. Láràárọ̀ ni bàbá arúgbó náà ń wá. Á bẹ̀rẹ̀ wo páálí, kò ní kí wa, á sì lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá arúgbó náà ti lọ kírun àláásárì, mo fọwọ́ kan ẹyẹ náà, ó ti tutù. Ẹnikẹ́ni kò sunkún. Màmá mi pa iná ìrẹsì tí kò tíì jinná, ó fi aṣọ bo páálí. Bàbá mi di ẹrù. Kí àwọn èèyàn tó jáde ní mọ́sáláṣí, a ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Jẹ́dà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti padà wá mú wa. Ohun tí ojú wa rí kí wọ́n tó kó wa sínú bàálù, ẹ jẹ́ kí n fi í síkùn.

Ayé ti yí padà. Lónìí, fóònù ni ẹ fi ń mú ẹyẹ. Mi ò bá bàbá yẹn jiyàn lórí òfin ìlú rẹ̀; òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni àparò yẹn náà ti wá, òun náà kò ní ìkámà, wọ́n sì gbà á. Bí ẹ bá fi àwòrán ẹyẹ hàn mí, tí mo fà á súnmọ́ ojú, ẹ máa ń rò pé mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò.