Ilẹ̀kùn Méje Tí Kò Rí Ògiri

Mi ò mu ọtí rí, mi ò sì ta tẹ́tẹ́ rí. Aṣọ olówó ńlá kì í wọ̀ mí lójú. Gbàǹjo ni àìsàn tèmi. Bí mo bá ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tú ẹrù ilé kan tà ní Kàdúná, yálà ẹni tó ni ín kú ni o, yálà ó fẹ̀yìn tì ni tó sì ń darí sílé, ara mi ò ní balẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ náà á fi pé. Àwọn akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì máa ń gbàyè lọ kí ẹbí wọn. Èmi a gbàyè lọ sí gbàǹjo.

Àwọn ilé ìjọba àtijọ́ tó ní igi máńgòrò lójúde ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á ti kó gbogbo ẹrù jáde sábẹ́ igi: àga, tábìlì, àwo tánganran, kọ́bọ́ọ̀dù, fírísà tí ẹnu rẹ̀ ò pàdé mọ́. Àwọn ọmọ olóògbé á ti Èkó tàbí Àbújá dé, wọ́n á máa wo aago, torí wọn ò níbi tí wọ́n fẹ́ kó o sí. Ọkùnrin Haúsá gíga kan ló máa ń pe ọjà. Ó mọ̀ mí dáadáa. Hàjíyà ló máa ń pè mí, èmi tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Sabon Tasha.

Gbàǹjo ní òfin tirẹ̀. Ohun tó wù ẹ́, ẹ̀yìn ni wàá kọ sí i. Bó bá jẹ́ tábìlì lo fẹ́, àga ni wàá dúró tì, wàá bú àga náà títí, wàá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́, wàá ní ta ni wọ́n fẹ́ fi pa. Nígbà tó o bá ń lọ, wàá wá fi ẹsẹ̀ ta tábìlì náà bí ẹni pé ó dí ẹ lọ́nà, wàá ní, "Eléyìí náà ńkọ́?" Bí owó tó o dá bá kéré, ọkùnrin yẹn á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Albarka," ìyẹn ni pé kó o máa gbé owó ẹ lọ, Ọlọ́run á pèsè. Wàá fi díẹ̀ kún un. Albarka. Wàá ṣe bí ẹni tó ń lọ. Kó o tó dé ẹnu géètì, wàá gbọ́ ọ lẹ́yìn: "An sallama!" Ó ti gbà nìyẹn. Tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, inú mi á dùn dé ìka ẹsẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn fi owó oṣù rà ti di tèmi ní owó ìrẹsì. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Lójú mi, gbogbo ẹni tó ń ra tuntun, òmùgọ̀ ni wọ́n.

Ọkọ mi ní tirẹ̀, ìfẹ́ kan ṣoṣo ló ní. Olùkọ́ ìṣirò ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Láti ìgbà tó ti wá sí Kàdúná ní ọ̀dọ́kùnrin, ilé onílé ló ń gbé. A gbé Hayin Banki, a gbé Mando, ká tó wá sí Sabon Tasha. Ó ní ilẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìpín tirẹ̀ nínú ogún bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀ kó sì sùn nínú rẹ̀, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré, kó tó kú. Òun fúnra rẹ̀ fi rúlà àti pẹ́ńsùlù ya ilé náà sínú ìwé ìṣirò: yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná. Àbúrò rẹ̀ bá a gbẹ́ ìpìlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ló kù, owó búlọ́ọ̀kù náà sì ti pé.

Ọwọ́ mi ni owó náà wà. Mò ń gbé e lọ sí ilé ìfowópamọ́ láti fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ni mo bá gbọ́ pé wọ́n ń ta ẹrù àwọn ilé tí òyìnbó gbé rí. Ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan ti kógbá sílé, wọ́n sì fẹ́ wó ilé àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Mo ní kí n kàn yà wò ó. Gbogbo ẹni tó ní irú àìsàn mi ló mọ ohun tí "kí n kàn yà wò ó" jẹ́.

Ilẹ̀kùn méje ni wọ́n tò ti ògiri. Igi ọ̀gànwó ni, kì í ṣe pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ̀pá lè gún lu. Wọ́n ga, wọ́n fẹ̀, ọwọ́ wọn jẹ́ idẹ, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lára wọn. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo bú fáànù kan títí ó fi sú èmi náà. Lẹ́yìn náà mo fi ẹsẹ̀ ta ìkan nínú wọn, mo ní, "Ṣé ikán ò tíì jẹ èyí tán?" Ọkùnrin náà ní albarka, ó tún ní albarka. Mo rìn dé géètì. An sallama.

Nígbà tí àkórí-kúrá, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré yẹn, já wọn sílẹ̀ níwájú ilé wa, ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ṣàlàyé, mo ní irú ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́, mo ní bó bá di ọ̀la wọ́n á ti lọ.

Ó ní, "Ó dára gan-an, Ìyá wọn." Ó wá wò mí. "Ògiri ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ògiri á wá."

Ká ní ó bá mi jà ni, ìbá sàn. Kò jà. Ó mú téèpù, ó wọn ilẹ̀kùn méjèèje lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó, ó fi rọ́bà pa ilé tó ti yà rẹ́. Ilẹ̀kùn méje ò lè wọ ilé oníyàrá méjì, wọ́n sì ga ju ẹnu ọ̀nà tó yà lọ. Kó má bàa dà bíi pé mo fi owó ṣòfò, ó sọ ilé náà di oníyàrá mẹ́rin, ó sì gbé òrùlé sókè sí i. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ kò tó mọ́. Ilé tí owó wa ká tẹ́lẹ̀ di ilé tí owó wa ò ká mọ́, ẹ̀bùn tí mo ṣe ọkọ mi nìyẹn. Mi ò sì rí i nígbà náà. Ńṣe ni mò ń yangàn fún àwọn ìyá ìjọ pé ilé yàrá mẹ́rin la fẹ́ kọ́.

Mi ò jáwọ́ o. Ilé tó tóbi ń fẹ́ ohun èlò tó pọ̀. Mo ra agbada ìwẹ̀ òyìnbó, mo ra bésìnì mẹ́ta, mo ra tábìlì ìjẹun onígun mẹ́jọ tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé àfìgbà tí a yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Yàrá mẹ́ta la háyà, ìkan nínú wọn sì di ibùgbé ẹrù. Àwọn ọmọ ń sùn ní pálọ̀. A wá ń san owó ilé fún ẹrù ilé tí a ò tíì kọ́. Bí mo bá ti gbé nǹkan dé, ọkọ mi á béèrè, "Ògiri ńkọ́?" Ó di àwàdà láàárín wa, àwọn ọmọ pàápàá á máa bá a sọ ọ́. Owó sìmẹ́ńtì ń gòkè lọ́dọọdún. Sìmẹ́ńtì ò mọ gbàǹjo.

Ìgbà kan wà tí mo gbé rélùwé kọ́tìnì, irin tí wọ́n fi ń kọ́ kọ́tìnì, wálé, tí ọkọ mi gbé ojú sókè, tó sì padà síbi ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó ń máàkì. Kò béèrè nǹkan kan. Mo rò pé ó ti gbà pẹ̀lú mi ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ̀rù bà mí.

A jọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Aládùúgbò kan ti gbin ẹ̀gẹ́ sí ojú ìpìlẹ̀ wa, ẹ̀gẹ́ náà sì ta dáadáa. Ọkọ mi ò bínú. Ó rìn yí i ká, ó wá ibi tí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé máa wà, ibẹ̀ ló sì gbà wọlé sáàárín ẹ̀gẹ́, kò gba ẹ̀gbẹ́ bí èmi. Ó ní, "Ibí ni bẹ́ẹ̀dì wa." Ojú tì mí. Mo fẹ́ ní kó dárí jì mí, àmọ́ àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé tí a bá délé. A délé, mi ò sọ ọ́.

Àìsàn mú un ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Nígbà tó rí i pé kò ní dìde mọ́, ó pe èmi àti ọmọkùnrin wa, ó ní kí wọ́n má gbé òkú òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ wa ní, "Dádì, agboolé ṣáà wà." Ó ní òun mọ̀ pé agboolé wà, ṣùgbọ́n òun ti fi gbogbo ayé òun sùn sílé onílé, òun ò ní tún lọ sùn ní àgbàlá ẹlòmíràn. Kàdúná la sin ín sí, ní itẹ́ òkú ìjọ. Ilẹ̀kùn onílé, pátákó fẹ́lẹ́ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, ni wọ́n gbé e gbà jáde. Ilẹ̀kùn méje sì wà ní yàrá kejì.

Ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ l'Ékòó. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹrù kankan wá o." Mo bá ránṣẹ́ sí ọkùnrin onígbàǹjo. Ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí. Ó kó ẹrù mi jáde sábẹ́ igi dóńgóyárò, ó sì ń pè é. Tábìlì onígun mẹ́jọ lọ ní owó yẹpẹrẹ. Agbada ìwẹ̀, ẹni tó ń ta omi ló rà á. Kò sẹ́ni tó wo ilẹ̀kùn, torí ilẹ̀kùn onírin layé ń lò báyìí.

Ìgbà tó kù díẹ̀ ká palẹ̀ mọ́ ni tọkọtaya kan gun máṣínì dé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná. Ìyàwó wọ hìjáàbù, ọkọ dúró ti máṣínì. Ọmọbìnrin náà kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú bésìnì mi. Ó bú u títí, ó yí padà, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn kan.

"Mama, eléyìí náà ńkọ́? Nawa ne, èló ni?" Kí n tó dáhùn, òun fúnra rẹ̀ ti dá owó.

Mo ní, "Ilé wo lẹ fẹ́ fi sí?"

"Ọ̀fà ni, mà. A ti ra ilẹ̀."

"Ẹ ti to búlọ́ọ̀kù?"

"Rárá, mà. Ó máa tó."

Mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ọmọ mi, má rà á. Lọ fi owó yìí ra búlọ́ọ̀kù." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìwé ìṣirò, ìpìlẹ̀, ẹ̀gẹ́, ibi tí bàbá wọn sùn sí. Omi lé sí i lójú. Ó nu ojú, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Mama, kin iya ciniki, wallahi!" Ó ní mo mọ ọjà á tà. Ó sì fi owó kún un.

Ọkọ rẹ̀ kúrò nídìí máṣínì. Ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ó rọra béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, "Ògiri wá ńkọ́?"

"Ògiri á wá," ọmọbìnrin náà ní.

Ọkùnrin onígbàǹjo ń wo ẹnu mi. Onílé fẹ́ gba yàrá rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò sì níbi tí mo fẹ́ kó ilẹ̀kùn méje sí. Mo ní, "Na sallama," mo sì kó kọ́kọ́rọ́ méjèèje fún un.