Ọwọ́ Bàbá Mi Lórí Àpótí Béèsì

Ọwọ́ bàbá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú wọn. Ọwọ́ náà tóbi, ó le bí awọ, epo dísù sì ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ wọn débi pé ọṣẹ kò rí i yọ mọ́. Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ní Ifọ̀. Kí wọ́n tó fẹ́ màmá mi ni wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ àti ata fún àwọn ará àdúgbò, ẹ̀ńjìnnì dísù ńlá kan ló sì ń yí ọlọ náà. Ẹ̀ńjìnnì yẹn kì í dún bí ọmọlúàbí, ṣe ló ń ké bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ní kékeré ni pé bí ẹ̀rọ náà bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, bàbá mi kì í fi etí wá àìsàn rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n máa ń gbé lé e lára, wọ́n á dijú, wọ́n á ní, "Bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ yẹn ti dẹ̀." Bí a bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, á ti dẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ni ẹlẹ́rọ fi ń gbọ́ràn, nítorí pé etí kì í pẹ́ kú nídìí iṣẹ́ náà.

Etí tiwọn náà kú. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé a ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó di pé à ń kígbe, ó wá di pé a kàn ń fọwọ́ kàn wọ́n léjìká. Nígbà tí wọ́n ta ẹ̀rọ náà tí a kó wá sí Mowe, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú la sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ nílé wa: ojú, ọwọ́, àti ẹnu tí à ń là gbàgà. Àwọn fúnra wọn ṣì ń sọ̀rọ̀, sókè ni wọ́n sì ń sọ ọ́, bí ẹni pé ẹ̀ńjìnnì náà ṣì ń ké láàárín wa.

Èmi kò kàwé lọ títí. Mo kúrò níléèwé, mo lọ kọ́ iṣẹ́ pí-ó-pí tí wọ́n ń ṣe sí àjà ilé lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ibafo, torí ilé tuntun pọ̀ níbẹ̀ bí olú. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́nà Ọ̀fàdà, ẹni tó ń ta gìtá béèsì fẹ́ ìyàwó, ó kó lọ sí Akute, ọ̀gá akọrin sì gbé gìtá náà kọ́ mi lọ́rùn. Ó ní ìka mi gùn. Bí mo ṣe di oníbéèsì nìyẹn.

Àpótí béèsì kan wà nígbà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Káfíńtà ló kan án, ó ga tó ọmọ ọdún méje, wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì pupa bò ó lára. Ibẹ̀ ni ohùn gìtá mi ti ń jáde. Lọ́jọ́ kan tí à ń kọ orin ìyìn, bàbá mi fẹ́ dìde lórí ìjókòó iwájú, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé àpótí náà kí wọ́n má bàa ṣubú. Wọn ò dìde mọ́. Wọ́n padà jókòó wẹ́rẹ́, ọwọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n dijú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ń kọrin. Orin tí à ń kọ gan-an ni, wọ́n kàn rẹ̀yìn díẹ̀ ni, ohùn wọn sì yà bàrá. Ara béèsì nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ di ìjókòó wọn. Ọ̀gá akọrin á máa fi wọ́n ṣeré, á ní, "Bàbá Onígìtá, ẹ rọra o, ẹ ti gba ohùn orin mọ́ wa lọ́wọ́!" Àwọn akọrin á bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi á rí ẹ̀rín náà, àwọn náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́nà ilé ni wọ́n máa ń dá mi lẹ́jọ́. "Orin kejì yẹn, o sáré níparí. Bọ́ọ̀tì ẹ dẹ̀." Wọn kì í ṣì í. Ojú máa ń tì mí nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ sókè báyẹn lójú títì. Nínú gbogbo ìjọ, àwọn nìkan ló ń tẹ́tí sí béèsì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ṣùgbọ́n èmi ò kà á kún, torí adití ni wọ́n.

Àwọn tó gbọ́ràn ni mo ń wá. Mo máa ń wo fídíò àwọn oníbéèsì lórí fóònù, gbogbo wọn ló ní ẹ̀rọ kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tí iná wínníwínní ń tàn lára rẹ̀. Prosẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo fi owó iṣẹ́ ra tòkunbọ̀ kan ní Èkó, mo sì gbé e wálé láyà bí ọmọ tuntun. Kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. Gbogbo àmúpù ńláńlá tí àwọn olórin òkè òkun fi ń gbé ohùn sókè, wọ́n ti ṣe àfarawé ohùn wọn sínú rẹ̀. Yí bọ́tìnnì kan, béèsì rẹ á dún bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá lo wà. Tẹ òmíràn, á dún bíi ti ayé àtijọ́. Èyí tó gbé mi níyè jù ni ohùn síńtì, tó ń sọ okùn gìtá di kíbọ́ọ̀dù, tó ń kùn, tó ń yanu, tó ń panu dé bí ẹranko. Mo ní gbogbo àpótí ayé lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo gbọ́ òwe yẹn rí, mo rò pé aṣọ ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀gá akọrin gbọ́ ẹ̀rọ náà nígbà ìdánrawò, ó kígbe ayọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo rí nǹkan báyìí? Kí ló dé tí a tún fi ń gbé pósí yìí kalẹ̀?" Àpótí béèsì ló ń bá wí. Ó ní kí n ki wáyà mi bọ inú míksà tó ń da ohùn gbogbo wa pọ̀ tààrà, kí oníkálukú wa máa fi etí gbọ́ ara rẹ̀ nínú íapíìsì. Pásítọ̀ wa náà fọwọ́ sí i, torí wọ́n ti ń fi kámẹ́rà gbé ìsìn sórí afẹ́fẹ́, wọ́n sì fẹ́ kí iwájú mọ́ tónítóní. Wọ́n gbé àpótí náà fún ẹ̀ka wa tó wà ní Ibogun, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì pọ̀ sí. Èmi náà bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mo dì mú.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, bàbá mi dé ibẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n fọwọ́ kan ògiri. Wọ́n fọwọ́ kan ìjókòó. Wọ́n jókòó. Àwọn sípíkà tó kù wà lókè àjà, ọwọ́ kò lè tó wọn. Mo rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí, ṣùgbọ́n mo ti ki íapíìsì bọ etí, mo sì ń wá ohùn síńtì mi. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ pariwo, ọ̀kan ju ìnujú sókè. Bàbá mi ń wo ìka mi. Wọn ò kọrin.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kúrò níwájú lọ sí ẹ̀yìn. Kò pẹ́ sí i, mi ò rí wọn mọ́ bí ìsìn bá ti wọra. Màmá mi ní wọ́n ń lọ gba atẹ́gùn. Mo ní ó dáa.

Òjò ọdún kan lọ, òmíràn dé. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n múná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó, gbogbo ìgbà tó bá sì wúkọ́ ni prosẹ́sọ̀ mi ń kú tó ń tún ara rẹ̀ tàn. Inú bí mi. Mo sọ gìtá kalẹ̀, mo jáde lọ sẹ́yìn láti bi ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ pé kí ló ń ṣe. Bàbá mi ni mo bá. Wọ́n jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri ilé jẹnẹrétọ̀, wọ́n dijú.

Mo fọwọ́ kàn wọ́n léjìká.

"Nọ́sù ẹ̀ kan tó ń tú epo ti ń dí," wọ́n ní. "Sọ fún wọn." Wọ́n tún ní, "Eléyìí ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀."

Mo nawọ́ sí inú ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ìka ta gìtá lójú afẹ́fẹ́, mo fi ojú bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò wá sọ́dọ̀ mi.

Wọ́n wo ìka mi, wọ́n ní, "Ṣé o ṣì ń ta á ni? Mo rò pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹ. Mo ń rí ìka ẹ tó ń lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní bóyá wọ́n kàn ní kó o máa dúró síbẹ̀, kí iye yín lè pé. Mi ò fẹ́ bi ọ́, kójú má bàa tì ọ́."

Sókè ni wọ́n sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo dúró. Mo retí kí nǹkan kan ṣe mí, kò sí ohun tó ṣe mí. Mo padà wọlé, mo lọ parí orin.

Lọ́sẹ̀ náà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ibogun. Wọ́n gbé ìkòkò òdòdó lé orí àpótí náà, eku ti jẹ kóònù rẹ̀, bébà inú rẹ̀ tó ń gbé ohùn jáde, kò sì ké mọ́ látìgbà tí iná mànàmáná kan ti gbá a. Pásítọ̀ ibẹ̀ ní, "Ẹ máa gbé e lọ, bùrọ̀dá. Òdòdó náà á rí ibòmíràn jókòó." Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnsípíkà kan ní Mowe. Ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ìgbà náà ni bàbá mi ti ìta wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Màmá mi rí wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin Dádì, ìjà lẹ ti ń bọ̀ ni, àbí olè lẹ sá fún?" Bàbá mi wo ẹsẹ̀ wọn, ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọn ò mọ̀ pé bàtà kejì ti bọ́. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ náà, wọn ò mọ ìyẹn náà. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ó ti pẹ́ lára wọn, ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú, ọwọ́ á wá tẹ̀ lé e.

Mo gbé àpótí náà wálé nígbà tó yá. Mo pa gbogbo àfarawé tó wà nínú prosẹ́sọ̀, mo ki wáyà bọ inú àpótí náà tààrà, mo mú ọwọ́ bàbá mi, mo gbé e lé kápẹ́ẹ̀tì pupa náà. Orin ìyìn ọjọ́sí ni mo bẹ̀rẹ̀. Abọ́ ń mì lórí tábìlì. Màmá mi yọjú láti ilé ìdáná. Bàbá mi dijú, wọ́n ń dúró.

Nígbà tí mo dé àárín orin, wọ́n lajú.

"Ó yá, ta á," wọ́n ní. "Ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo mi orí sí wọn pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ọwọ́ gbé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Ẹn-ẹ́n, ó dáa." Mi ò rò pé òótọ́ ni. Mo ta á dópin, mo ká wáyà mi.

Àpótí náà ti padà sí iwájú báyìí. Èmi ni mo bẹ pásítọ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun bò ó nítorí kámẹ́rà. Bàbá mi ń jókòó síbẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn tì í, torí mo rò pé egungun ẹ̀yìn lè gbọ́ ohun tí ọwọ́ kò gbọ́ mọ́. Wọ́n ń mi orí. Wọ́n ń kọrin nígbà mìíràn, orin náà sì máa ń bọ́ síbi tó yẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń yí ojú wo ìka mi. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yìn wọn ló ń gbọ́ ọ, tàbí ojú wọn ló ń kà á. Wọn ò dá mi lẹ́jọ́ lọ́nà ilé mọ́. Wọ́n kàn máa ń ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ó rọrùn láti mọ̀. Pẹ́dà kan wà lára prosẹ́sọ̀ náà, ní apá òsì, tó ń pa ohùn béèsì pátápátá bí ìka tilẹ̀ ṣì ń lọ. Mo lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láàárín orin, kí n wo bàbá mi, bóyá orí wọn á dúró. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni ẹsẹ̀ mi ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́.