Jíìpù Tó Ga Ju Géètì Lọ

Irọ́ ni télọ̀ ọ̀ọ́kán wa ń pa. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná. Gbogbo ẹni tó bá lọ wọn aṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀ ló ń sọ fún pé ọkọ àbúrò mi ò pé, pé ó tún jíìpù ṣe títí jíìpù ò fi lè jáde nílé mọ́. Á sọ ọ́ tán, á wá bú sẹ́rìn-ín, ikùn ẹ̀ á máa mì. Kò ní sọ ìyókù. Èmi tí mò ń dirun lábẹ́ fèrèsé ilé yẹn, tí gbogbo ẹ̀ ṣojú mi kòrókòró, màá sọ ìyókù.

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni ọkọ àbúrò mi, àmọ́ Oníjíìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè, iṣẹ́ oníṣẹ́ ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù: géètì, fèrèsé, àga onírin. Sátidé ni tiẹ̀. Tílẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tí iná ti dá lu bí ajere, á lọ sẹ́yìnkùlé, á fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ́pẹ́, á ní, "Àgbàlagbà, ẹ káàárọ̀ o." Ọkùnrin tó jẹ́ pé tá a bá kí i láàárọ̀, "hùn" ló máa dá wa lóhùn!

Lọ́jọ́ tó gbé jíìpù yẹn dé, orí ọkọ̀ akẹ́rù ló wà. Kò ní gíláàsì, kò ní àga, ẹyẹ ti kọ́lé sínú ẹ́ńjìnnì. Àbúrò mi ká apá mọ́ àyà.

"Bàbá ọmọ mi, kí nìyí?"

"Ọkọ̀ Màmá ni."

"Màmá ta ni?"

"Màmá yín nù un."

Àbúrò mi tú apá tó ká mọ́ àyà.

Ẹ ò mọ màmá wa ni. Orí òkè ni wọ́n ń gbé, òjò sì ti ha ọ̀nà ibẹ̀ débi pé kò sí táksí tó ń gùn ún mọ́. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa já èèyàn sí, kó máa fẹsẹ̀ rìn. Ojú wọn wá ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n ń bù sí tíì. Tí Oníjíìpù bá gòkè lọ kí wọn pẹ̀lú ẹrù lórí, wọn kì í fojú dá a mọ̀ mọ́. Wọ́n á kàn fa imú, wọ́n á ní, "Irin jíjó ń rùn. Ọmọ mi ti dé."

Alùpùpù ti gbé wọn ṣubú rí, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò gun nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́. Ká pọ̀n wọ́n ńkọ́? Wọ́n ní ṣé àwọn ti di ọmọ ọwọ́ ni. Oníjíìpù wá ní, "Màmá, jíìpù ni màá fi wá gbé yín." Wọ́n ní, "Ìwọ ni mò ń retí nìyẹn o. Mi ò bá ẹlòmíì lọ."

Bí Sátidé ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Ó tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ó kó nọ́ọ̀tì sínú gbogbo abọ́ àbúrò mi, èyí tó jẹ́ ti búréèkì nínú abọ́ ọbẹ̀, èyí tó jẹ́ ti gíà nínú ife. Àbúrò mi á pariwo títí, á wá lọ bá a di tọ́ọ̀ṣì mú lábẹ́ ọkọ̀. Ó fi irin wẹ́ bẹ́ǹṣì gígùn méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ibí kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún kan. Nígbà tó wá rántí òkúta tó yọrí láàárín ọ̀nà òkè yẹn, tó lè ha ikùn ọkọ̀, ó pààrọ̀ sípíríńgì sí èyí tó ga, ó sì wá táyà ńláńlá. Jíìpù yẹn wá dúró bí ẹṣin tó fẹ́ lọ jagun. Ó wù mí, mi ò purọ́.

Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, géètì ti ní ìtàn tiẹ̀. Òpó méjèèjì ẹnu géètì wa ń wọ́ síra wọn, ìyá onílé wá ní kí Oníjíìpù fi irin dábùú lé wọn lórí, kó dá wọn dúró. Kí ló fi wọn gíga irin yẹn? Jíìpù ẹ̀ ni! Ó ní kí irin kàn ga ju orí ọkọ̀ lọ díẹ̀, torí bó bá ti ga jù, kò ní lágbára. Ìgbà yẹn, orí ríìmù lásán ni jíìpù jókòó sí, kò sí táyà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó wẹ́ irin tán, ó gbàgbé. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń gbé ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, kò dé ẹnu géètì rí. Àṣìṣe tiẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Gbogbo wa ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ta ló rí i nínú wa?

Dókítà ojú wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni àwọn máa ṣiṣẹ́ ojú Màmá, àti pé tọ́jọ́ yẹn bá kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Sọ́ńdè tó ṣáájú ẹ̀, Oníjíìpù wẹ̀, ó múra. Ó ṣáná sí jíìpù, ó dún lẹ́ẹ̀kan, a pàtẹ́wọ́. Ó dé ẹnu géètì, ó dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo òkè, ó tún wo jíìpù.

Orí jíìpù ti ga ju irin lọ.

Télọ̀ ti gbé àga síta. "Oníjíìpù! O ti ti ara ẹ mọ́lé! Ẹ bá wọn gbẹ́ ilẹ̀ o!"

"Gé irin yẹn," àbúrò mi ní.

"Tí mo bá gé e, òpó á wó. Ọmọ ta ni kó wó lù?" Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Màmá á ti jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n á ti di báàgì."

Ó tú afẹ́fẹ́ inú táyà títí táyà fi rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ó ṣì kù díẹ̀. Bí àbúrò mi ṣe fìbínú wọnú ọkọ̀ lọ gbé báàgì oúnjẹ ẹ̀ nìyẹn. Jíìpù sì rẹ̀ sílẹ̀ fìì. Àbúrò mi kì í ṣe èèyàn kékeré.

"Dúró síbẹ̀!" Oníjíìpù pariwo. "Má sọ̀kalẹ̀! Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ wọlé! Ẹ ké sí gbogbo ilé!"

Mo wọlé. Oníbàárà mi tí mo ti di ìlàjì orí ẹ̀ wọlé, ìlàjì kejì dúró ṣáṣá. Tọkọtaya òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọlé. Ìyá onílé gan-an di aṣọ mú, wọ́n gòkè, wọ́n ní, "Ẹ rọra tì mí o." A fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì. Jíìpù ń rẹlẹ̀, ń rẹlẹ̀. Oníjíìpù lọ yọjú wo irin, ó ní ó ku fẹ́ẹ́rẹ́.

Mo yọrí lójú fèrèsé. "Télọ̀! Ìwọ ló sanra jù ládùúgbò yìí. Dìde."

"Èmi? Nínú pàǹtí irin yẹn?"

"Ojú ìyá arúgbó ni mò ń sọ! Dìde!"

Ó dìde o. Ó ní iwájú ni òun máa jókòó, mo ní kó jókòó sórí ẹ́ńjìnnì tó bá wù ú. Bó ṣe gbé ìdí kalẹ̀ báyìí, sípíríńgì dún kíìn. Oníjíìpù rọra wà á. Irin ha orí ọkọ̀ ṣììì, gbogbo wa tẹ orí ba, àfi bíi pé orí wa ló fẹ́ ha. A bọ́ síta! Ariwo tó sọ, télọ̀ ló pariwo jù, "A ti jáde! A ti jáde!" Ẹ bi í bóyá ó ń sọ ìyẹn fáwọn oníbàárà ẹ̀.

A fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà padà, a ń gbà á fúnra wa. Oníjíìpù àti ìyàwó ẹ̀ lọ. Lójú ọ̀nà òkè, òkúta kankan ò kan ikùn ọkọ̀, àbúrò mi ló sọ fún mi. Màmá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lóòótọ́, báàgì wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fa imú. "O pẹ́," ni wọ́n ní, wọ́n sì na ọwọ́ sí i.

Wọ́n ṣe ojú yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì, tá a mú wọn jáde nílé ìwòsàn, jíìpù ni wọ́n kọ́kọ́ bojú wò. Wọ́n yí i po, wọ́n fọwọ́ pa ojú àpá ibi tí irin ti ha á.

"Èyí ni mo gùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ó mà burẹ́wà o."

A rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá yíjú sí ọkọ àbúrò mi, wọ́n wò ó títí. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo ti hewú?"

Oníjíìpù fọwọ́ nu imú, ó lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń wo ẹ́ńjìnnì tí nǹkan kan ò ṣe.

Nítorí náà, télọ̀, gbọ́ mi. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ la máa gbé Màmá padà sókè. Inú ọgbà ni jíìpù wà, bá a ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde náà la ṣe tẹ̀ ẹ́ wọlé; irin ṣì wà níbẹ̀, jíìpù ò sì kúrú sí i. Yéé bú ọkọ àbúrò mi. Máa jẹun dáadáa, a máa nílò ẹ níwájú.