Kamarou, Aṣọ́lé Ẹgbẹ́ Méjì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ àwọn ọkùnrin kan lórí rédíò tí wọ́n ń jiyàn bóyá ìlú tí kò tóbi púpọ̀ lè gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kejì, irú èyí tí wọ́n ń sanwó oṣù fún. Ọ̀kan ní àfi kí a kọ́kọ́ ka iye èèyàn tó wà nílùú. Èkejì ní pápá ni kí a wò. Mo pa rédíò náà. Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ bí mi nínú, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà kì í ṣe ìbínú. Ọ̀rọ̀ wọn gbé mi padà sí Ṣábẹ lọ́dún 1962, nígbà tí àwa náà bi ara wa ní ìbéèrè yìí. Mo rántí àwọn òkè àpáta yẹn lójú oòrùn àṣálẹ́, mo rántí òórùn èédú àti iṣu ní gáà, ibùdókọ̀ ojú irin, omi sì lé ròrò sí mi lójú. Mo rántí Kamarou.

Ọmọ Kaboua ni Kamarou. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n gáà Ṣábẹ ni òun ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Lásìkò iṣu tuntun, àwọn àgbẹ̀ a kó iṣu wọn jọ kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Parakou tó dé, torí ọkọ̀ náà kì í dúró pẹ́. Àwọn ọkùnrin a tò láti ibi òkìtì iṣu dé ẹnu wágọ́ọ̀nù, wọn a máa ju iṣu sí ara wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wà lẹ́nu wágọ́ọ̀nù ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Òun ló ń gba iṣu lókè, tó ń tẹ́ ẹ jẹ́ẹ́ sórí koríko gbígbẹ. Iṣu tó bá já lulẹ̀, ó ti dá nìyẹn, yóò ti jẹrà kó tó dé Kutọnu. Ọdún méje ni Kamarou fi dúró lẹ́nu wágọ́ọ̀nù. Wọ́n ní iṣu kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n wá pariwo fún un pé Àdìjá ìyàwó rẹ̀ ti bí.

Ọwọ́ yẹn náà ló gbé wá sí pápá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà ní Ṣábẹ nígbà náà, Olókè ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn òkè ìlú. Àwọn ọmọ àdúgbò Adido àti àwọn ọmọ ọjà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, Alassane alápatà sì ni olórí wọn. Kamarou ni aṣọ́lé. Kì í pariwo, kì í fò sókè fò sódò. Ó kàn máa ń dúró láàárín igi tíìkì méjì tí a rì mọ́lẹ̀ ṣe ojú ilé, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá dé, a gbà á mọ́ àyà, a sì gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́.

Èmi wá dé lọ́dún 1961. Norbert Adégbọlá, olùkọ́, ọmọ Ìpóbẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ní kẹ̀kẹ́ tuntun àti ẹnu tí kì í sinmi. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ni, gbogbo wa sì rò pé ohun tí a bá ti ní kó wà, yóò wà. Plateau ni àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kó wá láti gúúsù ń gbé. Mo lọ bá Alassane pé mo fẹ́ máa bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Ó wo bàtà mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní, "Mẹ́tìrì," bí wọ́n ti ń pe olùkọ́, "ẹ wá máa bó ọsàn fún wa." Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín lọ́jọ́ náà ló bí ẹgbẹ́ kejì.

Kí oṣù tó parí, mo ti kó àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé jọ. Mo sọ ẹgbẹ́ wa ní Étoile, ìyẹn ìràwọ̀ ní èdè Faransé. Àwọn ará ọjà ń pè é ní Etuálì, wọ́n ní ó jọ orúkọ oògùn ikọ́. Ìjà ẹnu bẹ̀rẹ̀ nílùú. Alassane ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Mo dá a lóhùn pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ní ìdí ẹran, ní gáà, lẹ́yìn ìsìn Jímọ̀ àti lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé ṣé Ṣábẹ tó ìlú tó lè ní ẹgbẹ́ méjì.

A gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ supurẹfẹ́, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí agbègbè. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni. Ó ní, "Lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira, ẹ gbá a níwájú mi. N kò béèrè ẹni tó borí. Bí ẹ bá gbá a parí, èèyàn mọ́kànlá sí mọ́kànlá, láìsí ìjà, màá kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì ránṣẹ́ sí Kutọnu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ́ kan náà ni Ṣábẹ yóò ní."

Èèyàn mọ́kànlá kì í ṣe ìṣòro wa. Aṣọ́lé ni ìṣòro wa. Barthélemy, akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, ni a ní, ọkùnrin rere tó ń wọ dígí ojú, tó sì máa ń dijú bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀. Olókè yóò gbá ogún wọlé, ìlú yóò sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Mo gbé ìtìjú tì, mo lọ bá Kamarou ní gáà.

Ó gbọ́ mi tán, ó gbọn koríko kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Mẹ́tìrì, ilé kan ni màá ṣọ́, èyí tó wà lápá òkè. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa pààrọ̀."

Ohun tó ń wí ni pé, níwọ̀n bí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń pààrọ̀ ìhà lẹ́yìn ìsinmi, òun kò ní pààrọ̀ ní tòun. Òun á ṣọ́ ilé Olókè ní ìdajì àkọ́kọ́, òun á sì ṣọ́ tiwa ní ìdajì kejì. Barthélemy á dúró sí ilé kejì bákan náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ adùn, kó jẹ ìkorò. Mo bi í pé kí ló dé tó fẹ́ ṣe é fún wa. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan la ní, ta la ó máa bá gbá? Dassa jìnnà."

Alassane rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbà. Kò sẹ́ni tó ronú pé Kamarou lè ṣe ojúsàájú. Àdìjá nìkan ni kò fẹ́. Ó sọ ọ́ lójú mi pé, "Ẹni tó bá ń ṣọ́ ilé méjì, bí nǹkan bá sọ nù, òun ni ilé méjèèjì á pè lólè." Kamarou ní kò sẹ́ni tó máa pe òun lólè ní Ṣábẹ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ pé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ pápá ń yọ̀. Supurẹfẹ́ jókòó síbi ìbòòji tòun ti fìlà rẹ̀, àwọn ará Kaboua fi ọkọ̀ akẹ́rù wá, àwọn obìnrin Fúlàní ń ta wàgáṣì, wàrà wọn, létí pápá. Inú mi ń dùn bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. N kò tíì rí èrò bẹ́ẹ̀ rí ní Ṣábẹ. Ẹni tó bá rí wọn kò ní béèrè mọ́ bóyá ìlú náà gba ẹgbẹ́ méjì.

Ní ìdajì àkọ́kọ́, Olókè gbá méjì wọ ilé Barthélemy. Ìgbà tí ó ń nu dígí ojú rẹ̀ ni èkejì wọlé. Ní tiwa, gbogbo ohun tí a gbá, àyà Kamarou ló ń bọ́ sí. Èmi fúnra mi gbá ọ̀kan tí mo rò pé yóò fa àwọ̀n ya. Ó gbà á bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

Lẹ́yìn ìsinmi, a pààrọ̀. Kamarou bọ́ mayó, ẹ̀wù pupa Olókè, ó wọ funfun tiwa, ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ìlú pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ rárá tí Alassane gbá bọ́ọ̀lù já wá. Kamarou bẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ Alassane sì sọ̀ sórí ọwọ́ náà. Fèrè dún. Kamarou dìde, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ apá, ó ní kò sí nǹkan. Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i.

Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde, ó ń fi orí kàn án, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ òsì lù ú. Èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń dá wọn lára yá ni. Àwa náà sì gbá méjì wọ ilé Barthélemy, ó di méjì sí méjì. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, ọmọ Olókè kan gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Kò lágbára rárá. Ó ń yí bọ̀ nílẹ̀ bí ọsàn tó já lórí igbá, ìyá arúgbó á gbé e. Kamarou bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì yọ́ kọjá wọlé. Fèrè dún, eré parí.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé a kò pàdánù ohunkóhun. Mọ́kànlá sí mọ́kànlá ni a fi parí, ìjà kò sí. Kí n kàn bọ Alassane lọ́wọ́ ló kù, kí n lọ sílé lọ wẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo sáré lọ bá Kamarou, ẹni tó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, tí n kò fi "o" bá sọ̀rọ̀ rí, mo sì pariwo lójú gbogbo ìlú:

"Ta ló rà ọ́? Kamarou, ta ló rà ọ́?"

Ó wò mí. Ó fi ọwọ́ òsì bọ́ mayó funfun náà, ó fi í kọ́ ara igi, ó ń lọ. Alassane ló dá mi lóhùn, ẹ̀ṣẹ́ ló sì fi dáhùn. Barthélemy, ẹni tí kò lè di bọ́ọ̀lù mú, di ọrùn aṣọ ọmọ Olókè kan mú, kò jù ú sílẹ̀. Kí wọ́n tó là wá, supurẹfẹ́ ti fa ìwé tó kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì sí ya.

Etuálì kú lọ́jọ́ náà. Kamarou kò sì ṣọ́ ilé mọ́, ti Olókè pàápàá. Mo sọ fún gbogbo Plateau pé ojú ló ń tì í. Nígbà tí Dassa wá gbá mẹ́fà wọ ilé Olókè, mo jókòó sílé, inú mi ń dùn, òmùgọ̀ ni mí. Bí mo bá rí Kamarou lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń ṣẹ́rí kẹ̀kẹ́ mi padà. Àdìjá tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kò tà fún mi mọ́. Ṣe ló máa ń da aṣọ bo àwo bí mo bá dé. Mo ní, ẹ wo ìyàwó ọ̀dàlẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, wọ́n gbé mi lọ sí Sàkétẹ́. Mo kó àpótí àti kẹ̀kẹ́ mi sínú ọkọ̀ ojú irin, mo jókòó sí ojú fèrèsé. Àsìkò iṣu ni. Mo ń wo àwọn tó ń kó iṣu, mo sì rí i pé ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu wágọ́ọ̀nù. Kamarou jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣa iṣu, ó ń yí i sí ẹni tí yóò jù ú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí orúnkún, ìka mẹ́ta nínú rẹ̀ ká kò, wọn kò ṣeé nà.

Mo bi ọkùnrin Kaboua tó jókòó tì mí pé kí ló ṣe é lọ́wọ́. Ó wò mí bí ẹni tó rí ohun àrà. "Ìka tí Alassane tẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira náà ni, mẹ́tìrì. Wọ́n tò ó, kò tò. Gbogbo ìlú ló mọ̀. A rò pé ẹ mọ̀."

Ọkọ̀ ti ń lọ. Ó wá yé mi. Kamarou ti fi ìka tó ṣẹ́ ṣọ́ ilé fún wa títí eré fi parí, torí bó bá jáde, a ó di mẹ́wàá, ẹgbẹ́ wa á kú. Mo sì pa ẹgbẹ́ náà, mo pa orúkọ rere Kamarou mọ́ ọn. Ní ìdúró tó kàn, mo bẹ́ sílẹ̀. Àpótí àti kẹ̀kẹ́ mi bá ọkọ̀ lọ, n kò sì rí kẹ̀kẹ́ náà mọ́ dòní. Ó tọ́ sí mi. Ọkọ̀ eléèédú ló gbé mi padà sí Ṣábẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí gáà nígbà tí gbogbo wọn ti pé, nítorí lójú gbogbo wọn ni mo ti bú u. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Kamarou.

"Mẹ́tìrì, ẹ dìde," ni ó wí, "ilẹ̀ yìí ní èédú."

Mo sunkún, n kò tijú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ ò bi mí léèrè. Ẹ sọ fún mi ni."

Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìró ọkọ̀ lọ́nà Parakou, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ fà mí dìde, ó ní èèyàn kan kò wá sí iṣẹ́, kí n bọ́ sí ìlà. Mo bọ́ sí ìlà láàárín àwọn ọmọ Olókè, èmi tòun ti aṣọ olùkọ́ mi. Iṣu mẹ́ta ló já mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló sì dá. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló rà mí.