Má-fọwọ́-kàn-án àti Dírílì Rẹ̀

Ohun tí àwọn káfíńtà fi ń rántí olóògbé Má-fọwọ́-kàn-án jù ni ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ká a mọ́ ilé opó kan lọ́sàn-án gangan. Aránṣọ ni ìyàwó náà. Tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́, nígbà tó já wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, dírílì tó fi ń luhò wà lórí itan rẹ̀, opó sì jókòó síwájú rẹ̀.

Akọ̀wé iléeṣẹ́ káfíńtà tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ló tú àṣírí. Ọ̀gá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ ìdí gbogbo ẹ̀rọ ni. Bọ́tìnnì yìí ò ní wáyà, síbẹ̀ ó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà akọ̀wé: ibi tí ẹ̀rọ wà, ẹni tó gbé e, ìṣẹ́jú tó fi ṣiṣẹ́. Aránṣọ sì mọ̀ pé ibi tí dírílì bá wà, ibẹ̀ lọkọ òun wà. Ló bá fi fóònù pe akọ̀wé.

"Ó wà nílé oníbàárà kan, mà. Ó ti tó wákàtí méjì."

"Ìṣẹ́jú mélòó ló ti fi ṣiṣẹ́?"

"Mẹ́ta, mà."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú wákàtí méjì! Kí lọkùnrin wá ń fi ìyókù ṣe nílé opó? Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ó gba àdírẹ́sì, ó sì sáré jáde, bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

"Ìwọ obìnrin yìí, kí lò ń fi ọkọ mi ṣe látàárọ̀?"

Opó la ojú oorun. "Ọkọ yín ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mú wọn lọ. Ihò méjì péré ni mo ní kí wọ́n lù sára ògiri. Wọ́n ti lù ú tán tipẹ́. Bí wọ́n ṣe lù ú ni wọ́n ń sọ fún mi látìgbà náà."

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ bọ́tìnnì yẹn, ìjọ̀ngbọ̀n ni Má-fọwọ́-kàn-án bá a fà. "Ṣé olè ni mí tẹ́ ẹ fi ń ṣọ́ mi? Ṣé ẹ máa ka mímí mi náà ni?" Ẹ̀ẹ̀mejì ló já a dànù. Lọ́jọ́ kẹta, akọ̀wé rọra sọ fún un pé, "Bàbá, tí ẹlòmíì bá fọwọ́ kan dírílì yín, á sọ o." Ara bàbá wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n lẹ ìkejì mọ́ ọn, bóyá oorun lè gbé ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ kan, ó wà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ nígbà tí akọ̀wé pè é pé dírílì ń ṣiṣẹ́. Ó fi ìlàjì irun sáré dé iléeṣẹ́. Káfíńtà kejì ló bá níbẹ̀.

"Ta ló ní kó o gbé e?"

"Bàbá, ṣebí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ni."

"Ọmọ àwọn àna mi nìyàwó mi náà. Ṣé wàá gbé òun náà ni?"

Gbogbo iléeṣẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dé etí aránṣọ, kò sì pa á lẹ́rìn-ín. "Baálé mi, ṣé èmi àti irin la wá di ẹgbẹ́?"

"Má bínú," lọkọ rẹ̀ dáhùn. "O fi díẹ̀ jù ú lọ."

Owú jẹ ẹ́ lóru, ó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀ ń fi epo pa dírílì lára, ó ń fi aṣọ funfun nù ún, kò sì béèrè rí pé kí ló ń ké nínú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó òun. Orogún tí kò lẹ́nu, báwo lèèyàn ṣe ń bá a jà? Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí bàbá yẹn yan ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá kú láìsọ ọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fa dírílì lé káfíńtà kejì lọ́wọ́. Ẹni tó ti ń ṣépè fún irin láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà ló sáré dé iléeṣẹ́ tó gbá a mọ́yà. "N ò gbà! Ẹnì kankan ò ní gbé e!"

Akọ̀wé fà á lápá jókòó. "Ẹ ṣe sùúrù, mà. Orúkọ bàbá ló ṣì wà lórí ẹ̀, ìṣojú yín ni màá ti yọ ọ́." Ó ṣí àkọsílẹ̀ àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. "Mà, ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tí bàbá gba ìsinmi lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ yìí ò ṣiṣẹ́ rárá. Láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọgbà ilé ìwòsàn ló wà."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí aránṣọ fi wà nílé ìwòsàn nítorí iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó ń jẹ́ kí àlejò wọlé. Bí aago márùn-ún bá ti lù, ọkọ rẹ̀ á yọjú, dírílì lápò, á ní, "Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀." Lọ́jọ́ keje, aránṣọ kọjú sógiri, ó ní, "Ẹ padà síbi iṣẹ́, ẹ̀yin àti ìyàwó yín onírin." Ọsàn ni bàbá bó fún un.

"Òpùrọ́!" ni aránṣọ wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ gidi. Nígbà tó nu ojú tán, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na dírílì sí káfíńtà kejì tó dúró tì wọ́n.

"Gbà á, máa lò ó," ó ní. "Èmi ló yàn."