Àrẹ̀mú àti Àga Ẹnu Ọ̀nà

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún 1983, Àrẹ̀mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston, ó sì gba iwájú Bàbá Ọlátúnbọ̀sún kọjá láìkí wọn. Bàbá ni olórí ìjọ, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àga tó wà lápá òsì ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì máa ń jókòó sí.

Bàbá pè é padà. "Àrẹ̀mú, èmi lo rí tí o kọjá yẹn? Àbí Amẹ́ríkà ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ ẹ?"

Gbólóhùn kan péré ni ì bá yanjú rẹ̀: n kò rí yín, sà. Kò sọ ọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ìwà àìtọ́ ni òun hù. Ẹ gbọ́ o! Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ju kí ó jẹ́wọ́ pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ rí apá òsì mọ́.

Ó sì mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn. Ìyá rẹ̀ fọ́jú ní Òkè-Ìmẹ̀sí kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ife omi dànù lórí tábìlì. Ó ń sọ ọ́ bí ìtàn ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ èjìká òsì ẹ̀wù tirẹ̀ náà ti ń họ níbi tó ti ń ha ilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Láti Pearland, nítòsí Houston, ló ti ń jáde láràárọ̀ lọ kó aṣọ ibùsùn tí wọ́n ti fọ̀, yóò sì pín in fún àwọn ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù ń bà á pé bí dókítà bá yẹ ojú òun wò, wọn yóò gba láísẹ́ńsì òun. Ní ìlú yìí, ẹni tí kò lè wakọ̀ dà bí ẹni tí wọ́n so mọ́ ilé. Mo mọ̀. N kò bá a wí nítorí ẹ̀rù. Ohun tó fi ẹ̀rù náà ṣe ni mò ń bá a wí.

Ó dá ọgbọ́n kan. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, bó bá ti wọlé, yóò yíjú sí òsì, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja láìdúró wo ẹni tó jókòó: "Ẹ káàárọ̀, sà!" Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Wọ́n fi í ṣe àpẹẹrẹ onírẹ̀lẹ̀ nínú ìwàásù.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, àìsàn dá Bàbá dúró sílé. Ẹnì kan fi ẹ̀wù òtútù kọ́ sórí àga náà. Àrẹ̀mú da àyà délẹ̀ níwájú rẹ̀.

Fúnmi tó ń darí akọrin pariwo: "Bùrọ̀dá Àrẹ̀mú! Ẹ̀wù mi lẹ ń kí yẹn o! Ó ní kí ẹ dìde, ó ti dá yín lóhùn."

Àrẹ̀mú gbọn eruku nù. "O ò mọ̀ ni, Fúnmi. Ẹ̀wù tí o ti ń wọ̀ látìgbà tí o ti dé Amẹ́ríkà! Ó ti kúrò ní ẹgbẹ́ mi."

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí báyìí. Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rín. Lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a gbé ọkọ̀ sí, ó dúró sí apá òsì ọkọ rẹ̀, ó na ìka sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Bàbá Dayọ̀, ìka mélòó nìyí? Ẹ má yíjú o."

"Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ni?"

"Ẹ ṣáà kà á."

"Méjì."

"Mo ti sọ ọwọ́ mi kalẹ̀ tipẹ́."

Obìnrin yìí bá dókítà ojú ṣe àdéhùn Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́rú, Àrẹ̀mú fi tẹlifóònù fagi lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún kan. Nígbà tí àṣírí tú, ó ní, "Ọmọ́níkẹ́, jẹ́ kí n fi èyí tó kù ṣiṣẹ́ ná."

Ní oṣù kẹta ọdún 1986, ó yà sí òsì lójú títì márosẹ̀ láìrí ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ náà ṣẹ́ lápá. Wọ́n gba láísẹ́ńsì Àrẹ̀mú, ó sì wá dé ọ̀dọ̀ dókítà wàyí. Ojú òsì ti lọ. Èyí tó kù, bí ẹni ń wo ayé láti inú ihò ìwé tí wọ́n ká jọ ni.

Dókítà bi í pé ìgbà wo ló ti fura. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta. Dókítà náà gbé gègé rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ì bá ti dá àrùn ojú tó jogún lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ dúró nígbà náà, Àrẹ̀mú ì bá sì máa wakọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kán oògùn méjì! Láísẹ́ńsì tó ń dáàbò bò, òun fúnra rẹ̀ ló jù ú nù.

Àwọn kan wá ń tù ú nínú pé ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin, bí ẹni pé àyànmọ́ ni. Wọ́n ṣi òwe lò. Ojú Àrẹ̀mú kìlọ̀ fún un láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ ni kò sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tí Múyìwá àbúrò rẹ̀ gbọ́, ó lọ yẹ ojú tirẹ̀ wò, láìtíì gbá ilẹ̀kùn kankan. Àrùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí ni. Ó ń kán oògùn, ó sì ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Inú mi dùn fún un, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ra tirẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 1988 ni mo gbúròó Àrẹ̀mú kẹ́yìn. Òun àti Ọmọ́níkẹ́ ń gbé nílé Múyìwá ní Sugar Land nítòsí Houston, nínú yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ti ní í gun àtẹ̀gùn.